Ẹni Tí Ó Dúró Lórí Àpáta

Ọmọ ọmọ mi obìnrin jókòó sí ẹnu ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń kun èékánná. Bí ó ti ṣí ìgò kékeré náà ni òórùn rẹ̀ gbá mi nímú, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù tí èèyàn wá da epo àtùpà sí, mo sì dìde kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà rò pé mo ń bínú. Ó ní, "Màmá, ṣé kí n nù ún kúrò ni?" Mo ní kó má nù ún. Kí ni ǹ bá sọ fún un? Ṣé kí n sọ pé òórùn orogún mi ni mo gbọ́? Orogún tí kò lẹ́nu, tí apá rẹ̀ gùn ju ilé bàbá mi lọ, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́ ní Dásà níbí. Ìwọ tí o mọ̀ mí láti kékeré, o mọ̀ pé èmi kì í fi owú jíjẹ mi pamọ́. Ṣùgbọ́n Parakou ni o ti ń ṣòwò nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n sì rò fún ọ nígbà tí o dé kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Dahomey wa nígbà náà, mo sì ń ta ọsàn àti ẹ̀pà fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin. Bí ọkọ̀ bá ti ń fọn fèrè bọ̀ láti apá Paouignan, a ó ti gbé igbá karí, a ó máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibi eré yẹn ni mo ti mọ ọkọ mi. Ó wà lára àwọn tó ń tún ojú irin ṣe, òǹgbẹ sì máa ń gbẹ ẹ́ púpọ̀, tàbí kí n sọ pé ó máa ń ní òǹgbẹ ń gbẹ òun, nítorí ọsàn tó ń rà lọ́wọ́ mi ju èyí tí ikùn ẹnì kan lè gbà lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ kan tó kán létí á yọ, á sì yára fi ètè bò ó. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún un pé kó yé bò ó.

Nígbà tó wá tọrọ mi, o ṣáà mọ bí tiwa ṣe rí: ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọkọ́ ló máa fi sọ̀rọ̀. Yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọn á kọ ebè iṣu fún bàbá ìyàwó, ọdún dé ọdún, títí wọn yóò fi ní ó tó. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè fi ẹnu dídùn tàn. Ó fi oko kan hàn án lábẹ́ òkè, ní ọ̀nà tó jáde sí Paouignan, ó ní kó kọ ebè kún un kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Bí kò bá kún, kó lọ wá ìyàwó síbòmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ebè rẹ̀ ga, ó dúró gbọn-in, ìyá mi máa ń lọ wò ó lásán. Mo ti ń ka ara mi sí ìyàwó nígbà náà.

Àfi bí orogún mi ṣe wọ̀lú. Inú àpótí pákó gbọọrọ ló wà dé, lórí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù. Olùkọ́ òyìnbó kan tó ní irùngbọ̀n pupa ló ni ín, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ni wọ́n sì bá a sọ ẹrù náà, bí àfẹ́sọ́nà mi ṣe fi èjìká gbé e nìyẹn. Wọ́n tò ó pọ̀ lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìn ibùdókọ̀. Wọ́n ní planeur ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ni, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ kankan nínú. Igi ni egungun rẹ̀, aṣọ ni awọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gùn. Wọ́n á fi okùn irin so ó mọ́ kámíọ̀ akẹ́rù, kámíọ̀ á sáré fà á títí yóò fi gbéra, bó bá ga tó, á já okùn sílẹ̀, á sì máa yí po lórí àwọn òkè wa láìfọhùn. Àwọn èèyàn wa ò bá ti planeur lọ. Bí wọ́n ṣe rí i tó ń yí po láìju apá ni wọ́n ti sọ ọ́ ní àwòdì, àwòdì náà ló sì ń jẹ́ títí tó fi lọ.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó rẹwà. Ohun tó tún dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ó burẹ́wà ni, ǹ bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọkàn mi á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí ìkùukùu eruku ò jẹ́ ká rí orí òkè dáadáa, tó bá ṣàdédé yọ nínú funfun yẹn, ẹnu gbogbo wa á là sílẹ̀, tèmi náà á là, n óò wá rántí pa á dé. Òyìnbó náà ní òun á kọ́ ẹni tó bá fẹ́. Àwọn ọmọkùnrin ìlú kan yọjú. Òòyì kọ́ wọn lókè, wọ́n bì, wọn ò padà wá mọ́. Àfẹ́sọ́nà mi nìkan ló dúró. Ìjókòó méjì ló wà nínú rẹ̀, òyìnbó lẹ́yìn, òun níwájú, bí wọ́n bá sì sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ á máa dán bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún. Mo wo ojú yẹn, mo sọ nínú ara mi pé, ṣé ó ti wò mí báyìí rí?

Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọn kì í ṣiṣẹ́ ojú irin. Ọjọ́ yẹn ni ti ebè bàbá mi, ọjọ́ yẹn ni tèmi. Àwòdì gbà á. Àfẹ́sọ́nà mi á ní òun á kọ ebè ní ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ á dé, wọ́n á ṣì máa ti àwòdì padà sábẹ́ àtíbàbà. Oko náà dúró ní ìlàjì, ìlàjì ebè, ìlàjì koríko gbígbẹ. Bàbá mi á kàn gba ibẹ̀ kọjá, á yí orí sí i, á tutọ́.

Kí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ lè yé ọ, jẹ́ kí n ṣàlàyé ilẹ̀ náà. Ibi tí àwòdì máa ń balẹ̀ sí kò jìnnà sí oko bàbá mi, ààlà ni wọ́n bá ara wọn pa. Bó bá ń bọ̀ wálẹ̀, orí òkìtì ọ̀gán kan tó wà létí ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà orí oko bàbá mi, lẹ́yìn náà ni yóò kan àpáta dúdú pẹrẹsẹ kan. Ẹ̀gbẹ́ àpáta yẹn ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ro, tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un, ti bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó tẹ́ aṣọ funfun ńlá kan sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹni tó wà lókè lè mọ ibi tí òun máa fojú sun. Èmi wá ro ọ̀rọ̀ ara mi. Ṣé bí ọkùnrin bá ń ti oko bọ̀, ìyàwó rẹ̀ kì í jáde lọ pàdé rẹ̀, kó gba ẹrù lórí rẹ̀, kó fún un lómi? Mo ní bó bá jẹ́ pé òkè ọ̀run ni tèmi ń ti bọ̀ báyìí, ibẹ̀ náà ni n óò ti pàdé rẹ̀. Bí a bá ti jáde ní Míísà, n óò we gèlè funfun mi, n óò gbé igbá omi, n óò lọ dúró lórí àpáta yẹn gbọnrangandan. Kí àwòdì mọ̀ pé ẹnìkan ló ni ọkùnrin náà. Àfẹ́sọ́nà mi á balẹ̀, á dúró níwájú mi, á bọ́ sílẹ̀, á mu omi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwòdì. Omi mi ló ń mu o, ọ̀rọ̀ orogún mi ló ń sọ!

Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ kan wọ abẹ́ àtíbàbà, ó fi ìwo ya aṣọ apá àwòdì yánnayànna. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́ náà nínú ọkàn mi. Mi ò mọ ohun tó máa fà lé mi lórí. Òyìnbó ní ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ gidi ló máa tún un ṣe, ni wọ́n bá lọ pe aránṣọ kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ma sœur, àwọn sísítà ìjọ Àgùdà. Ọmọ Àjàṣẹ́, ní ìsàlẹ̀ Dahomey wa, ni. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn, Faransé ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ilá, ó sì máa ń fi ìborí funfun bo orí ní gbogbo ìgbà bí àwọn ma sœur ti kọ́ ọ. Kò ṣẹ̀ mí rárá. Mo kórìíra rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kí mi.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń rán apá àwòdì? Jọ̀ọ́, gbọ́, kí o lè bá mi bínú. Apá náà nípọn, ọwọ́ ẹnì kan ò lè ká a. Ẹnìkan á dúró lókè, ẹnìkan á dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọn gùn tó ọ̀pá ìhunṣọ. Ẹni òkè á gún un wọlẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ á gbà á, á fa òwú, á dá a padà sókè. Aránṣọ ló wà lókè. Ta ló wà nísàlẹ̀? Ṣé mo ní láti sọ? Tèmi ló na gbalaja sílẹ̀ lórí àpò, ó gbé ojú sókè, abẹ́rẹ́ kan náà ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Aránṣọ á ní, "Tirez," tèmi á fà á. Aránṣọ á ní, "Doucement," tèmi á rọra. Mo dúró ti igbá ọsàn mi, ara mi ń gbóná bí ẹni tí ibà mú. Mo ní, "Èmi náà mọ abẹ́rẹ́ í lò o." Láti abẹ́ apá ni ó ti dá mi lóhùn, mi ò rí ojú rẹ̀: "Eléyìí kì í ṣe aṣọ lásán, yóò gbé èèyàn ròkè." Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kékeré ni ẹ̀rín náà, ṣùgbọ́n mo gbé e délé, mo gbé e sùn.

Lẹ́yìn ìránṣọ ni ọ̀dà. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun aṣọ náà kó lè le koránkorán ló ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Ó wọ ọwọ́ rẹ̀, ó wọ irun rẹ̀. Ọsàn tí mo bó fún un, òórùn yẹn ló ń ta lára rẹ̀ kó tó fi kan ẹnu. Ó ń rùn lára aránṣọ náà pẹ̀lú. Bí mo bá ti gbọ́ ọ lára àwọn méjèèjì, ojú mi á ṣókùnkùn, ọ̀rẹ́ mi. Mo lọ sí ihò àdúrà Màríà lábẹ́ òkè, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi kó ẹyẹ yìí padà sí ìlú rẹ̀, kí ẹ sì kó aránṣọ náà padà sí Àjàṣẹ́." Àbúrò ìyá mi obìnrin tó bá mi lọ gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ ká ti rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé igi àti aṣọ lo ń bá jowú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó wá wo igi náà kó tó máa fi mí ṣẹ̀sín.

Ẹnu aránṣọ yẹn náà ni mo ti gbọ́ ohun tó já mi láyà. Ó wá ra ọsàn ní ibùdókọ̀, ó ń yan án pẹ̀lú ìka gígùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀ o. Ẹ ó ti máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́." Mo ní ẹrù wo. Ojú rẹ̀ yí padà. "Wọn ò tíì sọ fún yín? Ní ọjọ́ Ìsinmi yìí, òun nìkan ló máa gòkè. Bó bá balẹ̀ dáadáa, Ọ̀gá òyìnbó á rán an lọ sí France kó lọ kọ́ṣẹ́ awakọ̀ òfurufú." Ó ra ọsàn rẹ̀, ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin dé, ó dúró, ó lọ, mi ò dìde. Kì í ṣe ti France nìkan ló pa mí. Ó ti sọ fún aránṣọ kó tó sọ fún èmi.

Nígbà tí àfẹ́sọ́nà mi dé nírọ̀lẹ́, mi ò fún un lómi. Mo ní, "Ṣé òtítọ́ ni pé o ń lọ?" Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi "ìwọ" pe ọkùnrin náà, kò sì dà bíi pé ó gbọ́. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ balẹ̀ ná, kí òun tó sọ fún mi. Mo ní, "Ebè bàbá mi ńkọ́? Èmi ńkọ́? Àbí aránṣọ ni kí n máa bi léèrè?" Ó wá béèrè ohun tó dà bíi pé kò bá ọ̀rọ̀ mu rárá. Ó ní, "O máa wá ní ọjọ́ Ìsinmi, àbí?" Mi ò dáhùn. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó tún bi mí: "O máa wá, àbí?" Ṣíọ̀! Mo rò pé ó fẹ́ kí n wá wo ìgbéraga òun ni, kí n gbé omi fún un kó fi mu ìdágbére. Mo sọ nínú ara mi pé kó lọ bẹ aránṣọ rẹ̀ kó gbé omi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi náà, mo ti Míísà dé, mo tú gèlè funfun mi, mo ká a, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo gbé ẹ̀gúsí síwájú, mo ń bó o. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà, eruku pupa bo gbogbo nǹkan, ètè mi ń sán. Mo gbọ́ kámíọ̀ tó ń bú nísàlẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí ariwo kámíọ̀ dáwọ́ dúró, mo mọ̀ pé ó ti já okùn, pé ó ti wà lókè, òun nìkan. Òjìji rẹ̀ kọjá nínú àgbàlá wa, ó gùn lórí ògiri, àwọn adìyẹ sá wọ abẹ́ àká. Mi ò gbójú sókè. Mò ń bó ẹ̀gúsí mi. Mo ní bó bá balẹ̀ dáadáa, ó ti lọ nìyẹn. Bó bá sì balẹ̀ burúkú... mi ò parí èrò náà. Mo ń gbọ́ bí ìparí rẹ̀ ṣe ń fẹ́ wọlé, mò ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ariwo tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ̀ka igi ńlá bá ya. Igbe obìnrin kan ló tẹ̀ lé e. Yéè! Mi ò rántí bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo rántí pé èèpo ẹ̀gúsí ṣì wà láàárín ìka mi.

Kò dé àpáta. Kò tilẹ̀ sún mọ́ àpáta. Àárín oko bàbá mi gan-an ló bà sí, ó fi ikùn wó àwọn ebè tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, imú àwòdì rì sínú ọ̀kan, apá kan ti kán, aṣọ tí wọ́n jọ rán ya láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òyìnbó àti awakọ̀ kámíọ̀ ń fa àfẹ́sọ́nà mi jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Ta ló sì gbé orí rẹ̀ lé itan? Aránṣọ ni, ìborí funfun rẹ̀ ti kún fún ẹ̀jẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ tí èmi kì í pè! Mo dúró ságbedeméjì ebè, mi ò lè sún síwájú, mi ò lè padà. Bàbá mi náà ti dé. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo àwòdì, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí kò rí àyè kọ ìyókù, ó wá rí àyè wó èyí tó ti kọ." Lẹ́yìn náà ló ju aṣọ èjìká rẹ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n fi gbé e.

Ilé ìwòsàn àwọn ma sœur ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n to egungun rẹ̀, wọ́n di í. Nígbà tó di pé ó lè sọ̀rọ̀, mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, aránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, òyìnbó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì ń bi í léèrè. Kò jágbe mọ́ ọn. Faransé díẹ̀ tí mo gbọ́ ní ibùdókọ̀ tó mi láti lóye. Ó ní kí ló dé tó fi sọ̀ kalẹ̀ láìtó àsìkò, tó fi dín eré kù nígbà tí kò tíì kọjá oko. Ó ní, kí lo ń wò? Àfẹ́sọ́nà mi di ojú. Ó ní, "Ma femme. Ìyàwó mi ni mò ń wò."

Ọ̀rẹ́ mi, ojú aránṣọ ni mo kọ́kọ́ wò. Mo ní ó parí! Ó ti sọ ọ́ jáde. Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, lẹ́bàá fèrèsé, mo sì ti gbọ́ ọ létí ara mi. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ tán. Ó ní, "Ó dúró lórí àpáta bó ṣe máa ń dúró, ó we gèlè rẹ̀ funfun. Bí orí rẹ̀ bá ti bọ́ sábẹ́ imú àwòdì, ìgbà náà ni mo máa ń fa ọ̀pá tó ń dín eré kù. Ìgbà náà ni mo fà á." Òyìnbó ní, "Kò sí ìyàwó rẹ lórí àpáta." Ló bá la ojú, ló yí orí, ló rí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, láìwe gèlè. Ó ní, "Níbo lo dúró sí?"

Mo ní, "Ilé ni mo wà."

Aránṣọ ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní òun pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń sáré bọ̀ kí òun lè wo ibi tí òun rán bóyá ó dúró, bí òun ti dé etí ọ̀nà lòun rí àwòdì tó ń bọ̀, lòun bá gun orí òkìtì ọ̀gán kí òun lè ríran dáadáa. Òkìtì ọ̀gán, tó wà kí a tó kan oko! Obìnrin, aṣọ funfun lórí, ó dúró síbi gíga, nínú eruku ọyẹ́. Àfẹ́sọ́nà mi fojú sun ún, ó fa ọ̀pá rẹ̀, ó sì sọ̀ sínú ebè.

Òyìnbó náà fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó béèrè pé aṣọ funfun tí òun tẹ́ sílẹ̀ ńkọ́. Àfẹ́sọ́nà mi ní láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, eruku ti sọ ọ́ di pupa bí ilẹ̀, pé gèlè mi lórí àpáta dúdú lòun ń rí láti òkèèrè. Òyìnbó mi orí. Ó ní ẹ̀bi awakọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan mìíràn. Ó ní, "Èèyàn kì í fi obìnrin ṣe àmì. Obìnrin máa ń rìn." Ọ̀rọ̀ yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ká ní mo jáde lọ́jọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ta ló sọ fún mi pé èmi ni wọ́n ń wò balẹ̀? Ọkùnrin tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sórí gèlè mi, tí kò là á yé mi, ṣé èmi ló yẹ kí n dáhùn fún un? Mo bi í bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀. Ó ní òun rò pé n óò máa wá ṣáá ni. Ó ní òun béèrè, lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì dáhùn.

Mo jókòó ti ibùsùn yẹn, inú mi ń dùn, inú mi ń bàjẹ́, mi ò mọ èyí tí n óò fi ṣíwájú. Gbogbo ìgbà tí mo ń jowú àwòdì yẹn, inú àwòdì náà ni mo wà. Gbogbo ìgbà tó bá ti òkè ń bọ̀, tí mo rò pé ojú rẹ̀ wà lára ọ̀pá àti okùn, èmi ló ń wá. Adùn ọ̀rọ̀ náà pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún níwájú òyìnbó. Ṣùgbọ́n kò tíì balẹ̀ nínú mi tí èkejì fi dé. Ó wo aránṣọ, ó rò pé èmi ni. Obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju mi lọ, tí kò gbé igbá, tí kò dúró bí mo ṣe ń dúró, ó wò ó, ó ní ìyàwó òun nìyẹn, ó sì kọrí sí i. Ẹ gbà mí! Ṣé kò sí nǹkan kan lára mi tó yàtọ̀ sí ìborí funfun ni?

Òyìnbó kó àwòdì padà sínú àpótí rẹ̀, ó gbé e sórí ọkọ̀ ojú irin, kò tún sọ ti France mọ́. Ẹsẹ̀ náà ò ní tọ́ mọ́, gbogbo wa ló sì mọ̀. Mo bá àfẹ́sọ́nà mi lọ wo àwòdì nígbà tó ń lọ. Ó jókòó sórí àpótí ọsàn mi, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ, ọkọ̀ fọn fèrè, ó gbé ọwọ́ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ juwọ́ sí èèyàn, ó wá gbé e padà sórí itan. Ohun tí mo ti gbàdúrà fún nìyẹn. Mi ò láyọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ojú rẹ̀ dán nígbà tí àwòdì dé, mi ò sì tún rí dídán yẹn mọ́ títí di òní, kódà nígbà tí mo bí àkọ́bí wa fún un. Mo ṣì ń bá orogún mi bínú nítorí dídán yẹn, ó kó o lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá tún ebè náà kọ, àtèyí tó wó àtèyí tí kò tíì kọ, kí òjò tó dé. Òun jókòó sábẹ́ igi, ó ń fi ọ̀pá júwe fún wọn. Bàbá mi gba iṣẹ́ náà. Aránṣọ lọ sí Àjàṣẹ́ kí a tó ṣe ìgbéyàwó. Ó wá dágbére fún mi, ó gbé aṣọ tíńtín kan fún mi pé kí n fi ṣe ìbòrí ọmọ, ó rán an dáadáa, mi ò rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Mo wá a o. Ó ní, "Ẹ má bínú." Mo ní kò sí ìbínú. Mo fi aṣọ náà fún àbúrò ìyá mi.

Ó ti pẹ́ gan-an. A ti darúgbó, ojú ọkọ mi ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń lọ sí oko abẹ́ òkè yẹn, nítorí bàbá mi fún wa kó tó kú. Ní ìrọ̀lẹ́, bí àkókò rẹ̀ bá ti tó, mo máa ń we gèlè funfun mi, n óò jáde síwájú ilé, n óò dúró ní ibì kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ti béèrè títí ó ti sú wọn. Bí àlejò obìnrin bá wá kí wa, tó bá sì jẹ́ pé funfun ló fi bo orí, inú yàrá ni mo máa ń ní kó jókòó sí. Mo máa ń sọ pé nítorí atẹ́gùn ni. Òun á ti yọ lọ́nà, á máa tiro bọ̀, ọkọ́ léjìká. Á dúró díẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀ wálẹ̀, á fi ọwọ́ bo ojú, á wo apá ọ̀dọ̀ mi. Kò ní gbé ẹsẹ̀ àfi tó bá béèrè.

"Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni. Ẹ máa bọ̀."